Ọjọ́bọ̀ Tí A Fi Omi Iyọ̀ Dìbò ní Ajégúnlẹ̀

Ọdún kẹta rèé báyìí. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, gbogbo ojú ọ̀nà láti Ajégúnlẹ̀ dé Àpápá sì ti ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, nígbà tí àwa tí a ń ṣa ike ní yáàdì Alàájì daṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wa. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tó wọṣẹ́ lẹ́yìn wa ti ń sọ ọ́ bí àlọ́. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ sọ lójú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé èmi ni mo dúró níwájú tírélà, tí mo yọ àyà síta, tí mo ní kó tẹ̀ mí pa. Irọ́ gbuu ni. Orí àpò ni mo jókòó sí. Ẹni tó dúró níwájú tírélà lọ́jọ́ náà, obìnrin ni, ẹ ó pàdé rẹ̀ láìpẹ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì ka ìkẹfà náà lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè dá mi lójú. Mo ṣe alábàárù ní wọ́ọ̀fù Àpápá títí ẹ̀yìn fi kọ̀ fún mi, ìgbà náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ike. Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Tẹlifíṣọ̀n tó ti kú, kọ̀ǹpútà tó ti kú, rédíò tó ti kú, gbogbo èyí tí wọ́n kó gba èbúté wọlé tí kò jí mọ́, àwọn kan wà tí wọ́n ń tú wọn. Àwọn yẹn á mú wáyà, wọ́n á mú irin, ike ẹ̀yìn rẹ̀ á sì dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, a ó yà á ní oríṣiríṣi, a ó dì í sápò. Tírélà á wá kó o lọ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń yọ́ ọ, tí wọ́n sì ń fi ṣe nǹkan tuntun. Nǹkan bí ọgbọ̀n ènìyàn ni wá, a sì ní ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ nìkan ni ẹgbẹ́ náà mọ̀ ọ́n ṣe nígbà yẹn.

Báwo ni a ṣe ń mọ ike kan yàtọ̀ sí èkejì? Iná ni. A ó ṣẹ́ díẹ̀ lára rẹ̀, a ó tan láítà sí i. Bí ó bá ń jó lọ lẹ́yìn tí a ti mú láítà kúrò, tí èéfín dúdú ń rú túú, ike lásán nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí iná bá kú lójú ẹsẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fẹnu fẹ́ àtùpà, gbogbo wa á kígbe pé, "Akọ ni!" Akọ ike. Iná kò ràn án. A máa ń ya àpò tirẹ̀ sọ́tọ̀, àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ìyókù lọ, nítorí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ṣíbí ọbẹ̀ tàbí àwo ọmọdé, ṣebí ohun tí iná kò ní tètè mú ló yẹ kó fi ṣe é. Bí a ṣe rò ó nìyẹn. Ọgbọ́n wa rìn débẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó.

Èmi ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ láítà yìí. Nígbà mìíràn mi ò tiẹ̀ ní í wo iná rárá, n ó kàn gbóòórùn èéfín, n ó sì dá a lẹ́jọ́. Bàbá Láítà ni wọ́n ń pè mí. Láti Kírikírì ni àwọn ènìyàn ti ń gbé ike wá kí n bá wọn fimú yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀. Ẹni tí kò ní sàtífíkéètì, ó yẹ kó ní imú.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni alága ẹgbẹ́ wa, Ìyá Sùlíyà, mú àlejò wọ yáàdì. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Ìyá Sùlíyà, ó kúrú, ohùn rẹ̀ ló ga. Àlejò tó mú wá jẹ́ ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Dókítà ni, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́, ti ìwé ni. Kí ọjọ́ náà tó parí, Àǹtí Dókítà ni gbogbo wa ti ń pè é. Ó gbé àpótí dúdú kan sílẹ̀, ó ṣí i, ó sì fa ìbọn yọ.

Mi ò ní í purọ́ fún yín. Kí ó tó gbé e dé ọ̀gangan àyà, mo ti wà lẹ́yìn àpò mẹ́ta.

"Bàbá Láítà dà?" Ìyá Sùlíyà bèèrè.

"Wọ́n ti lọ fi àpò bo ara," ẹnì kan dáhùn, gbogbo yáàdì sì bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ jáde o, kì í yìn," ni Àǹtí Dókítà wí. "Ohun ìwọ̀n ni."

"Ìbọn tí kì í yìn, kí ló wá ń ṣe lọ́wọ́ ẹ?" mo bèèrè láti ibi tí mo wà.

"Bí mo bá gbé ẹnu rẹ̀ lé ike, sà, á sọ ohun tó wà nínú ike náà fún mi. Èyí tí mo ń wá ni wọ́n ń pè ní bùròmíìnì. Ó wà nínú oògùn tí àwọn tó ṣe tẹlifíṣọ̀n máa ń pò mọ́ ike ẹ̀yìn rẹ̀, kí iná má baà ràn án."

Nígbà tó dé orí "kí iná má baà ràn án", akọ wa ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo jáde kúrò lẹ́yìn àpò láìmọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Bó bá gbé ìbọn lé àpò ike lásán, nọ́ńbà ojú rẹ̀ á jókòó jẹ́ẹ́. Bó bá gbé e lé àpò akọ, nọ́ńbà á fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ jẹ nídìí. Ó wọ̀n àpò kan, ó wọ̀n èkejì. Ní ẹ̀kẹta ó dúró.

"Ta ló ṣa àpò yìí?"

"Èmi ni," mo ní.

"Ẹ mọ̀ ọ́n ṣà o, Bàbá. Kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tí kò ní oògùn náà. Kò sí èyí tó bọ́ lọ́wọ́ yín."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ ni, àbí kí n padà sẹ́yìn àpò.

Ó bi wá níbi tí akọ ń lọ. A ní àwo ọmọdé, a ní ṣíbí, a ní ohun ìṣeré. Ó wá ṣàlàyé fún wa pẹ̀lú sùúrù pé oògùn yẹn kò burú lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, nítorí kò sẹ́ni tó ń jẹ tẹlifíṣọ̀n. Nínú àwo oúnjẹ ló ti burú. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, ara kì í sì tètè lé e lọ, ọmọdé tó ń dàgbà ni ó sì ń yọ lẹ́nu jù.

Ìyá Sùlíyà sún mọ́ ọn. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú àwo dúdú kékeré kan jáde, èyí tó fi ń gbé ẹ̀wà lọ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ilé-ìwé. Ó fi etí ìborùn nù ún.

"Wọ̀n èyí fún mi."

Nọ́ńbà náà fò.

Ìyá Sùlíyà yí àwo náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ọwọ́ mi yìí ló ṣà á," ó ní. "Mo ṣà á, mo dì í, mo sì tún rà á padà fún ọmọ mi."

Àǹtí Dókítà kò lè fi ìbọn náà sílẹ̀ fún wa. Ọ̀kan ṣoṣo ni, àwọn púpọ̀ ló ń lò ó, ó di ìparí oṣù kí ó tó tún kàn wá. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó kọ́ wa ní ohun kan tí kò gba iná, tí kò gba bátìrì. Ó ní kí á po omi iyọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù. Ike ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tí kò ní oògùn á léfòó, èyí tí oògùn wà nínú rẹ̀ wúwo, á rì.

"Ṣùgbọ́n iyọ̀ gbọ́dọ̀ tó o," ó tẹnu mọ́ ọn. "Bí kò bá tó, gbogbo rẹ̀ ló máa rì, rere àti búburú. Ẹ ju ẹyin tútù sí i. Bí ẹyin bá rì, ẹ tún iyọ̀ dà. Bí ẹyin bá léfòó, omi yín ti tó. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó bá rì ló ní bùròmíìnì, àwọn kan wúwo láti ilé wọn wá. Nítorí náà, èyí tó bá léfòó, ẹ jẹ́ kó lọ. Èyí tó bá rì, ẹ dá a dúró dè mí."

A kó ara wa lọ bá Alàájì tó ni yáàdì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Alàájì, kì í pariwo, ìdí nìyẹn tí ó fi ṣòroó bá jà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó mi orí.

"Ìyá Sùlíyà, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ lẹ mú wá. Èmi ò lòdì sí ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n tírélà ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì."

"Ẹrù Ọjọ́bọ̀ náà ló ń di àwo, Alàájì."

"Ẹ̀yin ló pè é ní akọ. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ."

Òótọ́ ni, ó sì dùn wá wọra. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí a ṣe ṣíwọ́ iṣẹ́ ni a ṣèpàdé lẹ́nu ọ̀nà yáàdì. Ìyá Sùlíyà ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn pé ẹrù kankan kò gbọdọ̀ jáde láìwọ̀n, kó nawọ́ sókè. Ọwọ́ ń lọ sókè lọ́tùn-ún lósì. Èmi ń ro ti Alàájì, mo ń ro ti ọlọ́pàá, mo ń ro ti ìyàwó mi. Mo gbé ọwọ́ tèmi dé ọ̀gangan etí, mo sì ń fi í họ etí.

"Bàbá Láítà, ṣé ìbò lẹ dì ni, àbí etí ló ń yún yín?"

"Méjèèjì ni."

"Ẹ kà á kún un," ó ní. Bí mo ṣe di ajàfẹ́tọ̀ọ́ nìyẹn.

Wọ́n pín iṣẹ́. Torí pé èmi ni wọ́n kà sí àgbà nínú àyẹ̀wò, èmi ni wọ́n ní kí n ra iyọ̀, kí n sì po omi náà ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kí àwọn yòókù tó dé. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe, nítorí títí di òní, àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń fò ó nítorí ọ̀wọ̀. Mo da ìdajì àpò iyọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù. Ìdajì tó kù, mo tì í sábẹ́ àpò ike tí mo máa ń jókòó lé. Ẹyin? Mi ò ju ẹyin kankan. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo ti fi odidi òru méjì rò ó pé bí omi lásán bá lè mọ ohun tí imú mi mọ̀, kí ló kù tí n ó máa jẹ́? Láti Kírikírì, ta ni yóò tún gbé ike wá bá mi? Ẹnu mi wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ìdí mi ń ṣe òṣèlú tirẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, gbogbo wa ti pé. Oníkálukú jókòó lórí àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ dì, a ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e. Ìyá Sùlíyà dá orin sílẹ̀: "Ẹ wọ̀n ọ́n!" Àwa á gbè é: "Kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́!" Orin náà kò ní ẹsẹ kejì, kò sì nílò rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì òdìkejì ọ̀nà gbọ́, wọ́n wá. Àwọn ọlọ́kadà dúró. Kí oòrùn tó mú, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ìyàwó là ń gbé.

Tírélà dé láti Kókónọ́ọ̀tì, níbi tí àwọn tírélà ti ń tò. Sọ́ńdè ló ń wà á, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí ikùn rẹ̀ máa ń fọwọ́ kan sítíárìn kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án. Ó fẹ́ wọlé, Ìyá Sùlíyà sì bọ́ sí iwájú ọkọ̀ náà, ó fọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí. Orí rẹ̀ kò ga ju bọ́ńpà ọkọ̀ lọ. Sọ́ńdè tẹ fèrè. Kò yẹ̀. Sọ́ńdè yọ orí síta.

"Mama, wetin happen? Na burial?"

"Kò sí ẹrù lónìí, Sọ́ńdè."

"Ah-ah! I don queue for Coconut since yesterday o!"

"Sọ̀ kalẹ̀, ọmọ mi, wá fojú ara ẹ rí i."

Bí Sọ́ńdè ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni Alàájì dé nínú jàlàbíà funfun, orí rẹ̀ tó pá ń dán. Ó wò wá lọ, ó wò wá bọ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jókòó lé ẹrù mi bí adìẹ tó sàba."

"Ẹyin náà á pa lónìí, Alàájì," Ìyá Sùlíyà fèsì, èrò sì hó yèè.

Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù fún un níṣojú gbogbo ènìyàn. Alàájì ronú díẹ̀. Oníṣòwò ni, ó mọ̀ pé èrò ti pọ̀ jù láti bínú.

"Ó dáa," ó ní. "Kí omi ṣèdájọ́. Bí ó bá ya rere kúrò lára búburú bí ẹ ṣe wí, mo gbà, n kò ní í gbé èyí tó bá rì títí ìbọn yín á fi dé. Ṣùgbọ́n bí kò bá yà á, ẹ ó gbẹ́rù mi sọ́kọ̀ lójú ẹsẹ̀, mi ò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbọn mọ́ ní yáàdì yìí."

"A gbà!" gbogbo wa ké. Èmi náà ké. Iyọ̀ wà lábẹ́ ìdí mi.

Ìyá Sùlíyà mú akọ kan, ó jù ú sómi. Ó rì. Ariwo ta. Ó mú ike lásán, èyí tí ìbọn ti sọ ní ọjọ́ Ajé pé kò ní nǹkan kan, ó jù ú sí i.

Ó rì.

Ó mú òmíràn. Ó rì. Orin ti dákẹ́. Alàájì rọra bọ́ síwájú, ó fọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹyọ kan nínú àpò ike lásán, ó fi han èrò bí ẹni tó fẹ́ pidán, ó jù ú sílẹ̀. Ó lọ tààrà sí ìsàlẹ̀.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ wá ni májèlé ni?" ó bèèrè tẹ̀ríntẹ̀rín. "Àbí omi yín ni ò kàwé?"

Èrò tó wà lẹ́yìn wa níṣẹ̀ẹ́jú méjì sẹ́yìn ti ń fi wá ṣẹ̀rín. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rò pé èrò jẹ́ ti yín, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Alàájì na ọwọ́ sí tírélà. "Ó yá, ẹ gbẹ́rù."

Ìyá Sùlíyà kò gbéra. Ojú rẹ̀ yí láti orí dúrọ́ọ̀mù wá sọ́dọ̀ mi.

"Bàbá Láítà, ẹ ju ẹyin sí i àbí ẹ ò jù ú?"

"Ẹ... ẹyin?"

Ísá, Máláàmù tó ń dín ẹyin lẹ́nu ọ̀nà yáàdì, ti mú ọ̀kan nínú àwo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rán an. Ó rọra gbé e sínú omi. Ẹyin náà sọ̀ kalẹ̀ bí òkúta.

"Iyọ̀ ò tó!" ni gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ké lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kò sí àkókò láti tún ra iyọ̀," Alàájì wí. Sọ́ńdè náà ní òun kò lè dúró, pé bí òun bá pàdánù ipò òun, ọ̀sẹ̀ kan ni òun á tún fi tò. Mo wo Ìyá Sùlíyà. Kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wo àpò akọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń ka iye àwo tó máa jáde láti inú rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tèmi kò tíì rìn ju wákàtí mẹ́ta lọ, ó sì ti rẹ̀ mí. Mo dìde.

"Iyọ̀ wà."

"Níbo?"

"Mo jókòó lé e."

Mo fa àpò náà jáde. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀: "Èmi ni mo fi í pamọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí omi bá mọ iṣẹ́ yìí, ẹ ò ní í nílò imú mi mọ́."

Ìyá Sùlíyà wò mí, wíwò tó pẹ́. Mo ti ń mú ara le de èébú.

"Àwọn kan ń fọwọ́ gbé àpótí ìbò sá lọ," ó ní. "Ẹ̀yin jókòó lé tiyín! Bàbá Láítà, ẹ gbé iyọ̀ bọ̀, kí n tó fi ìdí yín náà sómi, ká wò ó bóyá á léfòó."

Ẹ̀rín tó bú jáde lọ́jọ́ náà, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní èbúté. Alàájì pàápàá di ògiri mú. Mo da iyọ̀ sí i, mo mú pákó rò ó, òógùn mi náà sì ń kán sí i, bóyá ìyẹn náà ṣèrànwọ́. Ísá tún gbé ẹyin sílẹ̀. Ẹyin rì díẹ̀, ó dúró láàárín bí ẹni tó ń rò ó, ó wá rọra gòkè, orí rẹ̀ yọ lójú omi, ó ń dán.

"Orí Alàájì rèé o!" mẹkáníìkì kan ké.

Kí n tó da iyọ̀ náà, Ìyá Sùlíyà ti ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù títí omi fi dé èjìká rẹ̀, ó ti kó gbogbo ike tó rì jáde. Ó gbé ike lásán tí Alàájì jù lẹ́ẹ̀kan lé e lọ́wọ́. "Ẹ tún un jù."

Alàájì jù ú. Ó léfòó.

"Akọ ńkọ́?"

Ó ju akọ. Ó rì ṣìn-ìn.

Mi ò lè ṣàpèjúwe ohun tó tẹ̀ lé e dáadáa. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ ju tirẹ̀ sómi. Bí ọ̀kan bá léfòó, èrò á hó pé "Ó wọlé!" bí ẹni tí wọ́n ka ìbò fún. Bí ọ̀kan bá rì, wọ́n á ní "Ó di ìparí oṣù!" Àwọn ọlọ́kadà ń méfò kí ike tó balẹ̀. Sọ́ńdè ju mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rì. Ó gbé ọ̀kan nínú wọn, ó ń wo àwọ̀ dúdú rẹ̀.

"My pikin dey chop with this kind plate," ó ní. Ó yíjú sí Alàájì. "Oga, the one wey float, I go carry. This one, make I no lie for you, I no carry am."

Alàájì kò tíì fẹ́ gbà. "Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi pé Àǹtí Dókítà yín ní kì í ṣe gbogbo ohun tó bá rì ló ní oògùn yẹn nínú. Ẹ fẹ́ da ẹrù rere mi nù mọ́ búburú?"

"Òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ," Ìyá Sùlíyà dáhùn. "Kí la fi lè mọ̀ ọ́n, Alàájì?"

"Àfi kí ẹ wọ̀n..." Ó gbé ẹnu dúró.

"Ẹ parí ẹ̀ fún wa!"

Ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu Alàájì kó tó lè dá a dúró. "Ẹ wọ̀n ọ́n," ó ní, gbogbo Ajégúnlẹ̀ sì gbè é fún un: "KẸ́ Ẹ TÓ LỌ̀ Ọ́!"

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé àdéhùn náà, ìyà tó tọ́ sí mi. Mo kọ bùròmíìnì ní ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé olójú kan, Alàájì sì tẹ̀ka sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni a fi ń yọ ike lómi. Sọ́ńdè bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń bá wa rò ó. Ísá gba ẹyin rẹ̀ padà, ó dín in jẹ lójú wa, ó ní òun kò fi iyọ̀ sí i rárá. Nígbà tí tírélà fi máa jáde, ẹrù rẹ̀ kò kún dé ìdajì, a sì ń jó tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ẹni pé wúrà ló kó.

Ní ìparí oṣù, Àǹtí Dókítà gbé ìbọn dé. Lọ́jọ́ náà mi ò sá. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó rì ló ní bùròmíìnì nínú. Díẹ̀ kò ní, Alàájì sì gba ìyẹn padà pẹ̀lú ayọ̀. Láti ìgbà náà, oṣooṣù ni ìbọn ń yà lọ́dọ̀ wa.

Kí la rí gbà níbẹ̀? Mo máa ń bi ara mi. A rí i gbà pé akọ kò jáde ní yáàdì wa di àwo mọ́. A pa láítà tì. Ikọ́ tí mo rò pé ogún bàbá mi ni ti lọ, mo sì wá mọ̀ pé ogún èéfín ni. Wọn kò lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mò ń po omi dúrọ́ọ̀mù báyìí, wọ́n sì yan ẹnì kan tó máa ń ṣọ́ mi bí mo bá ń pò ó, n kò sì bínú sí i.

A pàdánù. Àwọn oníbàárà tó fẹ́ akọ kò kú, yáàdì mìíràn ni wọ́n lọ. Àwọn mẹ́rin nínú wa bá wọn lọ. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà wọ́ọ̀fù ni. Bó bá rí mi lọ́nà, òdìkejì ló ń gbà. Ibi tó ń ṣiṣẹ́ báyìí, láítà ni wọ́n ṣì ń lò. Gbogbo àwo tí imú mi ti rán jáde kí Àǹtí Dókítà tó dé, kò sí omi iyọ̀ tó lè pè wọ́n padà. Wọ́n wà nílé àwọn ènìyàn, ọmọ ń fi wọ́n jẹun. Gbèsè tèmi nìyẹn, mi ò mọ ẹni tí n ó san án fún, àfi kí n máa sọ ọ́.

Gbèsè tí àwọn ẹlòmíràn jẹ wá náà wà níbẹ̀. Àpò akọ tí a dá dúró ti kún ẹ̀yìn yáàdì dé òrùlé. A kò lè lọ̀ wọ́n, a kò lè sun wọ́n, kò sì sí ibi tí a lè dà wọ́n sí láìṣe ẹlòmíràn níbi. A ti kọ lẹ́tà sí ìjọba, a ti kọ ọ́ sí àwọn tó ń kó tẹlifíṣọ̀n wọlé. Wọ́n ní àwọn ti rí i. Alàájì fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí èyí tó kẹ́yìn, ó ní kí wọ́n wá kó ẹrù wọn.

Wọn kò tíì wá. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Ìyá Sùlíyà máa ń kó gbogbo wa lọ sẹ́yìn yáàdì. Oníkálukú á jókòó lórí àpò kan, bí a ṣe jókòó lọ́jọ́ yẹn, láti fi hàn pé a ṣì ń dúró dè wọ́n, fún ìwọ̀n ìgbà tí omi tíì fi ń hó, a ó sì dìde lọ síbi iṣẹ́. Bí ẹ̀yin ọ̀dọ́ bá ń kọjá, àyè wà níbẹ̀.